Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì

Lábẹ́ tábìlì ni wọ́n fi mí sí, èmi Fọ́yèkẹ́,
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìwé tí etí rẹ̀ ti ká,
kí n máa rán ẹni tó bá gbàgbé létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Oṣù Kejìlá ni, ní Jọ́ọ̀sì.
Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa bí ilẹ̀ oko tí òjò kọ̀ sílẹ̀,
ètè lílà yẹn la sì fẹ́ fi sọ èdè
tí àwọn tó ni ín ti kú tán.

Látìn kò ní àmì ohùn.
Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Akíngbadé wí ní kíláàsì;
a gbọ́, a mi orí, a ò gbà.
Báwo lẹ̀dá ṣe fẹ́ la ẹnu láìgòkè, láìsọ̀kalẹ̀?
Mo mú lẹ́ẹ̀dì, mo fàmì sórí gbogbo rẹ̀.
Wọ́n ní "olówó mi" ni *domine*;
lẹ́nu tèmi ó di *dómìnè*,
ó wá dà bí orúkọ ìdílé kan ní Iléṣà.
Ta ni yóò bá mi wí?
Òkú kì í máàkì ìdánwò.

Nanret ni ẹrú ọlọ́gbọ́n.
Terngu ni baba ahun tí ń ka hóró ẹ̀wà kó tó sùn.
Rifkatu, tó kúrú jù wá lọ, ni sójà afọ́nnu
tó ní òun lé odò padà sórí òkè;
ó dé ike ọ̀dà bí àṣíborí ogun.
Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì họ́sítẹ́ẹ̀lì laṣọ wọn.
Ti Terngu ní àbàwọ́n kòkó,
ó fi apá bò ó, ó rò pé a ò rí i.

Gbọ̀ngàn kún. Kì í ṣe nítorí Látìn:
a ti kéde pé máṣà àti kúnú ń bọ̀ lẹ́yìn eré.

Ìran kẹta, iná lọ.
Kò sẹ́ni tó ṣe háà. Kí la fẹ́ ha sí?
Baba Tanko tó ń ṣọ́ géètì ti alùpùpù rẹ̀ wọlé,
ó tan iná rẹ̀ sórí ìtàgé, ẹ́ńjìnnì ń dún tùkùtùkù.
Nanret lanu.
Ẹnu là, ọ̀rọ̀ ò jáde.
Mo sọ ọ́ fún un. Alùpùpù gbé ohùn mi mì.
Mo tún un sọ. Ó wolẹ̀, ó wò mí,
ojú ọmọ Pankshin mọ́ roro nínú ìmọ́lẹ̀ náà.
Ló bá tú u jáde:
èébú, èébú gidi, lédè ìyá rẹ̀,
èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń lé ewúrẹ́ nídìí jéró,
ó ń fìka gún afẹ́fẹ́ bí ará Róòmù.
Ọ̀gá àgbà mi orí pé Látìn yìí dán mọ́rán.
Ìyá kan ṣoṣo, ní ìlà kẹfà,
ló fi ìborùn dínu.
Dókítà Akíngbadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń wá bíírò tí kò jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*Plaudite* lọ̀rọ̀ ìkẹyìn: ẹ pàtẹ́wọ́.
Baba Tanko ti pàtẹ́wọ́ kí Nanret tó pè é tán.
Òun náà ló ti ń ṣáájú wa rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀,
nígbà tí ẹrú yọ kọ́kọ́rọ́ lápò baba,
nígbà tí sójà sá fún ológbò;
ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi wọnú irùngbọ̀n rẹ̀.

Láàárọ̀ mo ń kó ṣíìtì lọ fọ̀, ó dá mi dúró ní géètì,
ó fi Haúsá bi mí:
"Àwọn wo ló ni èdè yẹn?"
Mo ní wọ́n ti kú.
"Gbogbo wọn?"
Gbogbo wọn pátá.
Ó mu kúnú àná tó kù nínú kọ́ọ̀pù, ó rò ó.
"Ẹrú yẹn náà?"

N ò mọ èsì.
Ṣíìtì Terngu ló wà lókè ẹrù:
àbàwọ́n kòkó, àti níbi ìṣẹ́tí rẹ̀
ẹnìkan ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ
dómìnè, dómìnè, dómìnè,
àmì ohùn tèmi,
ọwọ́ ìkọ̀wé tí kì í ṣe tèmi.